Bí Wọ́n Ṣe Rẹ Ọkọ̀ Ọ̀gá Sílẹ̀

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, wàhálà kan dé bá Ọ́fíìsì Àyẹ̀wò Ọkọ̀, irú èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ yanjú kí ilẹ̀ tó ṣú: orí Ọ̀gá kò hàn nínú fọ́tò.

Wọ́n kàn ya fọ́tò náà láti fi dán nǹkan wò ni. Kọmíṣọ́nà tí gbogbo ọ́fíìsì àyẹ̀wò wà lábẹ́ rẹ̀, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ń bọ̀ wá wo ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ Olórí Pátápátá lórí gbogbo ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń du ipò náà ti já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí èso tó rà, ó ku Ọ̀gá nìkan lórí igi. Wọ́n ti sọ fún un pé bí ìbẹ̀wò yẹn bá ti lè lọ láìsí ìtìjú, kí ó máa múra ìjókòó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dánra wò láti àárọ̀: bí Ọ̀gá yóò ṣe dé, bí yóò ṣe bọ́ sílẹ̀, bí yóò ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ kí àwọn àlejò lè fi ojú kàn án. Ayàwòrán dúró síbi tí àwọn àlejò yóò dúró sí, ó yà á. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó yà, wọ́n rí ọkọ̀ dúdú kan tó ń dán yọ̀ọ̀, wọ́n rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ lódì kejì, wọ́n sì rí ṣóńṣó fìlà kan tó yọ díẹ̀ lókè òrùlé ọkọ̀, bí orí alángbá lẹ́yìn ògiri. Ìyẹn ni Ọ̀gá.

Kí ẹnikẹ́ni má bínú o. Kúkúrú kì í ṣe àrùn, abẹ́rẹ́ bó ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọ̀gá yàtọ̀. Kò gbà pé òun kúrú. Ohun tó gbà ni pé àwọn nǹkan yòókù láyé ló ga ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀sẹ̀ tó dé orí àga náà ló ti ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ àga àwọn àlejò. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wá rí i, orúnkún onítọ̀hún á máa bá àgbọ̀n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àga tirẹ̀, wọ́n gbé e sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ó ń mì dirodiro lábẹ́ tábìlì bí ti ọmọ tí wọ́n gbé sórí ògiri. Òṣìṣẹ́ tí Ọlọ́run bá ṣe ní gíga, kí ó yáa tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ba rìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀ka tó jìnnà, wọ́n á ní iṣẹ́ ló fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ìdúró-bí-Ìjókòó ni wọ́n ń pè é. Lójú rẹ̀, oyè rẹ̀ ni wọ́n ń kà: Alábòójútó Àgbà fún Àyẹ̀wò Ọkọ̀, Ìbáwí Awakọ̀ àti Ìtọ́jú Ìwà Ọmọlúàbí Lójú Títì. Akọ̀wé Ètò ló ń kà á. Ní àràárọ̀ ni ó ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, yóò fa èémí, yóò sì kà á láìmí. Bí èémí bá gé e lójú ọ̀nà, á padà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá á sì dúró síta títí yóò fi kà á pé. Òjò ti pa àwọn méjèèjì bẹ́ẹ̀ rí. Akọ̀wé Ètò yìí, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ bí dòjé nítorí ìtẹríba. Bí Ọ̀gá bá yán, òun náà á yán, kí ó má baà dà bíi pé Ọ̀gá nìkan ló rẹ̀.

Wọ́n pe ìpàdé lórí fọ́tò. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé àpótí kan sílẹ̀ kí Ọ̀gá gun orí rẹ̀. Akọ̀wé Ètò bi í léèrè bóyá àpótí ọṣẹ ló fẹ́ kí ìjọba dúró lé. Ẹnì kan ní kí ayàwòrán gun òrùlé. Wọ́n ní kí Kọmíṣọ́nà náà gun òrùlé nìyẹn. Bí wọ́n ti ń rò ó tí wọ́n ń tún un rò, ni ìyàwó Ọ̀gá wọlé, ó mú awò ojú tí ọkọ rẹ̀ gbàgbé sílé wá fún un. Ó rí fọ́tò náà lórí tábìlì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tó mí tán, ó ní:

“Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ ní kí awakọ̀ yí ọkọ̀ padà. Kí ilẹ̀kùn yín kọjú sí àwọn èèyàn. Ó parí.”

Gbogbo wọn yíjú sí Ọ̀gá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọ̀rọ̀ náà rọrùn, kò gba agbára, kò gba ọjọ́, òótọ́ sì ni. Ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni wọn kò fi lè gbà á. Ọ̀gá gbé àyà sókè, ó ní ọkọ̀ ìjọba kì í fi ẹ̀yìn wọlé bí olè, pé òun kì í ṣe ẹni tí í yí padà, pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí òun, kí onítọ̀hún yí padà sọ́dọ̀ òun. Ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. Ó ní, “Mo ti gbé awò yín sílẹ̀ o. Ẹ fi wo ara yín,” ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Akọ̀wé Ètò wá wúkọ́. Ó wo ọkọ̀ láti ojú fèrèsé bí ẹni tó ń wo ọmọ aláìgbọràn.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ẹ̀yin kọ́ lẹ kúrú. Ọkọ̀ yìí ló ń gbéra ga. Ẹ jẹ́ ká rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.”

Inú Ọ̀gá dùn bí ẹni pé wọ́n fi epo kún iná rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro kékeré kan wà. Lára ògiri gan-an lẹ́yìn orí rẹ̀, wọ́n lẹ ìkìlọ̀ ńlá kan mọ́ ibẹ̀, àwòrán ojú Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀ tó na ìka: MÁ GÉ SÍPÍRÍǸGÌ ỌKỌ̀ RẸ. Ọgbà ẹ̀yìn ọ́fíìsì kún fún ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó gé sípíríǹgì, irin lílọ́ tó ń gbé ọkọ̀ sókè lórí táyà, kí ọkọ̀ wọn lè sún mọ́ ilẹ̀, kí ó lè wu ojú. Ọ̀gá ti gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó sì ti fi wákàtí gígùn bá wọn wí lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ojú wá lọ sára ìkìlọ̀ yẹn, wọ́n tún padà sílẹ̀ kíákíá. Ọ̀gá dìde. Kò hàn pé ó dìde, ṣùgbọ́n ó dìde.

Ó ní kí wọ́n fetí sílẹ̀, kí wọ́n mọ ìyàtọ̀. Ó ní àwọn ọmọ yẹn ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ kí ayé lè máa wo ọkọ̀, ìgbéraga nìyẹn. Òun fẹ́ rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ kí ayé lè rí òun, àǹfààní ará ìlú nìyẹn. Ó ní ọ̀nà méjèèjì jìn síra bí ọ̀run àti ayé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àtẹ́wọ́ náà dùn mọ́ ọn, ó fi òfin kan lé e: láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí ọkọ̀ ọ́fíìsì náà tó gbọ́dọ̀ ga ju ọkọ̀ Ọ̀gá lọ.

Ọkọ̀ méjì yòókù ni ọ́fíìsì ní. Ọ̀kan ni èyí tí àwọn aláyẹ̀wò ń gbé kiri. Ìkejì ni ọkọ̀ ńlá tí ń fa ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ kúrò lójú títì. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ afàkọ̀ yìí gbé ọwọ́ sókè, ó béèrè bí ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ wà nílẹ̀ yóò ṣe gbé ẹlòmíì dìde. Wọ́n ní kí ó jókòó, pé gíga ọkàn ni iṣẹ́ ìjọba ń fẹ́, kì í ṣe gíga irin.

Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nílé iṣẹ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Gbọnrangandan. Aláyínmẹ́ǹtì ni, òun ló ń tún ojú táyà ṣe kí ọkọ̀ lè máa lọ tààrà. Ẹnu rẹ̀ kò kéré. Ó máa ń sọ pé bí ìgbéyàwó ènìyàn bá wọ́, kí ó gbé e gun ẹ̀rọ òun. Ó mọ iṣẹ́, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó wù ú ju iṣẹ́ lọ: ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri òun pé ibẹ̀ ni ìjọba ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ó ti ní kí wọ́n kun ògiri náà ní funfun dè é. Ẹni tó ti kun ògiri de ọ̀rọ̀ ìyìn, ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe tí kò ní ṣe.

Wọ́n gbé ọkọ̀ Ọ̀gá sókè, wọ́n tú táyà, wọ́n yọ sípíríǹgì, wọ́n fi ẹ̀rọ agérin gé e. Gbọnrangandan ní ó ti tó. Akọ̀wé Ètò, tó ti fi ìka sàmì sí ibi tí èjìká Ọ̀gá dé lára ògiri ọ́fíìsì, tí ó sì gbé ìka náà bẹ́ẹ̀ wá nínú afẹ́fẹ́, ní kò tíì tó. Wọ́n tún gé e. Nígbà tí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó sàba lé ilẹ̀ bí àgbébọ̀ lórí ẹyin. Orí àwọn táyà náà wọnú, ẹsẹ̀ wọn yà síta, bí ọmọ tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra níwájú olùkọ́. Akọ̀wé Ètò tún ní ríìmù àtijọ́, irin tí táyà wé mọ́, kò ní iyì, ó yan àwọn kan tó fẹ̀ bí abọ́ ìfọṣọ. Nígbà tí wọ́n dè é tán, kò sí àyè láàárín táyà àti etí mọ́gáàdì tó bò ó tí ọmọ ìka lè gbà. Wọ́n fi òòlù lu etí mọ́gáàdì wọnú, àyè tí wọ́n rí kò ju ti abẹ fífẹ́lẹ́ lọ. Wọ́n gé sípíríǹgì ọkọ̀ àwọn aláyẹ̀wò náà. Ní ti ọkọ̀ afàkọ̀, ewé irin tó ń gbé e sókè lábẹ́ ni wọ́n yọ, ó sì rọ̀ jọwọlọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ nìyí. Ọkọ̀ tó ga tó bó ṣe yẹ, bí èèyàn kan bá wọ inú rẹ̀ tàbí kò wọ̀ ọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan. Èyí tí wọ́n bá ti rẹ̀ sílẹ̀, kò ní àyè mọ́. Bí ẹnì kan bá jókòó sí i, ó rì, bó bá sì ti rì, ojú táyà yí kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Nítorí náà, ẹrù tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gbé lójú ọ̀nà ni wọ́n máa ń gbé sínú rẹ̀ kí wọ́n tó tún táyà rẹ̀ ṣe. Gbọnrangandan sọ èyí. Ó ní kí ẹnì kan jókòó síbi tí Ọ̀gá máa ń jókòó, lẹ́yìn lápá ọ̀tún, kí òun fi ṣiṣẹ́.

Akọ̀wé Ètò ní kò sí ẹni tí ìyá rẹ̀ bí dáadáa tó lè jókòó sórí ìjókòó Ọ̀gá. Gbọnrangandan ní kí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá nígbà náà. Akọ̀wé Ètò ní Ọ̀gá kì í jókòó nínú ọkọ̀ tí kò lọ ibì kankan. Gbọnrangandan wá ní, ó dára, kí wọ́n di yanrìn sínú àpò bíi mélòó kan.

“Yanrìn,” Akọ̀wé Ètò ní. “Ṣé yanrìn lo fi Ọ̀gá wé?”

“Rárá o, sà. Ìwọ̀n wọn ni mo sọ.”

“Ìwọ̀n wo? Ta ló wọn Ọ̀gá? Ìgbà wo ni o gbé e tí o fi mọ ìwọ̀n rẹ̀?”

Àwọn òṣìṣẹ́ tó tẹ̀ lé wọn wá dá sí i. Wọ́n jiyàn lórí ohun tó lè ṣojú Ọ̀gá lórí ìjókòó yẹn láìtàbùkù sí i. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ní àwòrán kò ní ọlá tó. Nígbẹ̀yìn, ìmọ̀ wọn ṣọ̀kan lórí fìlà. Fìlà iṣẹ́ Ọ̀gá, èyí tó ní etí wúrà. Wọ́n ránṣẹ́ lọ gbé e, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí ìjókòó, wọ́n gbé fìlà lé e, wọ́n sì fi bẹ́lítì ìjókòó dè é. Gbogbo wọn kí i. Gbọnrangandan wo fìlà. Ó wo ògiri funfun rẹ̀. Ó tún wo fìlà. Ó wá tẹ̀ balẹ̀, ó sì fi gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ tún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe fún ọkọ̀ tó gbé fìlà.

Wọ́n gbé e jáde lọ dán wò. Ó lọ tààrà bí òwú tí wọ́n nà. Awakọ̀ ju ọwọ́ sílẹ̀ lórí sítíárìn, ọkọ̀ kò yà. Wọ́n wà á kọjá lórí gegele tó wà lójú títì níwájú ilé ẹ̀kọ́, abẹ́ ọkọ̀ fi bí irun orí kọjá. Akọ̀wé Ètò fóònù Ọ̀gá láti sọ fún un pé fìlà rẹ̀ dé láyọ̀. Awakọ̀ yìí ti ń gbé Ọ̀gá kiri láti ọjọ́ pípẹ́, ó mọ bí ìjókòó yẹn ṣe máa ń ké. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lé e sílé fún ìgbà díẹ̀ rí, nítorí ó sọ pé òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Ọ̀gá ní òjò kò ní rọ̀. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá. Ó dákẹ́.

Ilẹ̀ mọ́. Ọ̀gá jáde nínú aṣọ tí wọ́n lọ̀ títí ó fi lè dá dúró. Mi ò tíì sọ èyí fún yín: ohun tí Ọlọ́run dín kù nínú gíga rẹ̀, ìbú rẹ̀ ló fi dí i. Ó wo ọkọ̀, ọkọ̀ kò ga ju àyà rẹ̀ lọ, ó sì rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun. Ó jókòó. Ọkọ̀ mí kanlẹ̀, apá ẹ̀yìn lọ́tùn-ún rì, táyà ibẹ̀ sì fara gbá mọ́gáàdì gbàràdà.

Kò tíì rìn jìnnà tí òórùn rọ́bà fi gba inú ọkọ̀. Awakọ̀ ń fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ sítíárìn sósì, ọkọ̀ ń lọ sọ́tùn-ún bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Ọ̀gá bi í bóyá ọtí ló mu kó tó jáde. Ó dáhùn pé, “Ó ń fà sọ́tùn-ún, sà.” Ọ̀gá ní ọkọ̀ tí fìlà òun gùn láná tí kò yà, kò lè yà lónìí. Títì ni kò tọ́. Ó ní kí Akọ̀wé Ètò, tó jókòó níwájú, rántí pé kí wọ́n pe àwọn tó la títì náà wá ṣàlàyé ara wọn.

Bí ẹlòmíì bá wà nípò rẹ̀, á dúró síbẹ̀. Ọ̀gá kọ̀. Ètò tó ṣe ni pé òun yóò lọ pàdé Kọmíṣọ́nà ní oríta, òun yóò sì ṣáájú rẹ̀ wọ ọ́fíìsì, kí gbogbo ayé lè rí ẹni tó ń ṣáájú ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ọkọ̀ Kọmíṣọ́nà tẹ̀ lé e, ọkọ̀ àwọn àlejò mìíràn tẹ̀ lé ìyẹn. Ọkọ̀ Ọ̀gá ń rú èéfín, ó ń yà sọ́tùn-ún síbi tí àwọn èèyàn dúró sí létí títì. Àwọn yẹn rò pé ó ń bọ̀ wá kí àwọn, wọ́n juwọ́ sí i. Ọ̀gá náà juwọ́ padà, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní ẹ ò rí i bí ọkọ̀ ṣe ń sún mọ́ wọn, ó mọ àwọn èèyàn òun. Onígbàjámọ̀ kan tó ń gẹ irun níta fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ tòun tabẹ, ó bẹ́ gọ́tà.

Wọ́n dé iwájú ilé ẹ̀kọ́. Gegele tó wà níbẹ̀, tí wọ́n mọ kí ọkọ̀ lè máa rọra fún àwọn ọmọ, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n mọ ọ́n. Ó sì ní kí wọ́n mọ ọ́n kí ó ga ju ti àdúgbò yòókù lọ, torí gegele òun ni. Nínú gbogbo ohun tó wà láyé, gegele yẹn nìkan ni Ọ̀gá gbà láyè kí ó ga.

Táyà iwájú gùn ún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ikùn ọkọ̀ bà lé e. Irin ké, ọkọ̀ dúró. Awakọ̀ tẹ iná, táyà ń yí lórí asán. Ọkọ̀ wà níbẹ̀ bí ìjàpá tí wọ́n gbé lé orí kùkùté: ọwọ́ ń jù, ẹsẹ̀ ń jù, kò sí ibi tó ń lọ. Lẹ́yìn wọn, gbogbo ọkọ̀ àlejò dúró. Àkókò ìsinmi ni nílé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ rọ́ wá síbi ọgbà.

Awakọ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. “Sà, bí ẹ bá lè bọ́ sílẹ̀ díẹ̀, á gbéra.”

Ọ̀gá wò ó bí ẹni tó ní kí ó bọ́ra. Ó ní òun kò lè bọ́ sílẹ̀ láàárín títì bí èrò, pé ọ́fíìsì ni òun ń lọ, ọ́fíìsì sì ni òun yóò ti bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí Akọ̀wé Ètò pe ọkọ̀ afàkọ̀. Akọ̀wé Ètò pè é. Ọkọ̀ afàkọ̀ gbéra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ti fẹ́ jáde ní géètì ọ́fíìsì, irin abẹ́ rẹ̀ há sára irin ẹnu géètì, ó dì í pa. Ọkọ̀ àwọn aláyẹ̀wò wà lẹ́yìn rẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde. Akọ̀wé Ètò gbọ́ gbogbo èyí lórí fóònù, ó pa fóònù. Ó ní, “Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, sà.” Kò kúkú parọ́.

Kọmíṣọ́nà dúró títí, ó wá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn wá. Ó kan fèrèsé Ọ̀gá. Kó tó lè rí i, ó ní láti tẹ̀ wálẹ̀ gan-an, ó fi ọwọ́ lé orúnkún. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni inú Ọ̀gá dùn jù láti àárọ̀: Kọmíṣọ́nà tẹ̀ ba fún òun lójú gbogbo ayé. Ó rọ fèrèsé sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tó ti kọ́ sórí, láti orí “Ẹ̀yin ọlọ́lá jùlọ.” Kọmíṣọ́nà gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ dúró ná. Kí ló ṣe ọkọ̀ yín?”

“Ó ń tẹríba fún yín ni, mà.”

“Wọ́n gé sípíríǹgì rẹ̀.” Kò béèrè, ó kàn sọ ọ́. Ó wo táyà tó ń rú èéfín, ó wo ríìmù tó fẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ mọ òfin níbí. Kí ni òfin wí nípa ọkọ̀ tí wọ́n gé báyìí?”

Bí Ọ̀gá bá ti ní òun kò rántí, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó ka òfin, níwájú èrò, níwájú àlejò, níwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá kò lè kọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ó tún ọrùn aṣọ ṣe, ó gbé ohùn sókè. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá gé sípíríǹgì ọkọ̀, kí wọ́n gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ìjọba. Ó wá kan ìlà tó kẹ́yìn, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi kún òfin lọ́dún tó kọjá, torí ẹnì kan tí wọ́n jọ ń du ipò, tó ní ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì: “Bí ó bá sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kí ó kúrò nípò rẹ̀ láìsí àwíjàre.”

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ewì ni. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí wọn. Ẹ̀rín náà wà lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ.

“Ẹ ṣeun,” Kọmíṣọ́nà ní. “Ẹ dá ẹjọ́ náà dáadáa. Ẹ bọ́ sílẹ̀.”

Ọ̀gá ní kí ó jẹ́ kí òun ṣàlàyé, pé ìyàtọ̀ wà láàárín ìgbéraga àti àǹfààní ará ìlú. Kọmíṣọ́nà ti yí ẹ̀yìn padà. Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn síta. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn gbá títì, kò ṣí ju ìdajì lọ. Ó gbìyànjú láti fi ẹ̀gbẹ́ jáde, ìbú rẹ̀ kò gbà. Ó fi ẹsẹ̀ ṣáájú, kò rọgbọ. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó rákò jáde lórí eékún, aṣọ tí wọ́n lọ̀ yẹn ń ya lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó ka oyè kankan. Bó ti jáde tán ni ọkọ̀ gbé ara sókè bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Awakọ̀ fẹsẹ̀ kan iná jẹ́jẹ́, ọkọ̀ kọjá lórí gegele, ó sì ń lọ tààrà, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Kọmíṣọ́nà ní kí ó máa wà á lọ sí ọgbà ìjọba lẹ́yìn ọ́fíìsì, kí ó gba ẹ̀yìn wọlé, torí wọ́n ti sọ fún un pé géètì iwájú ti dí.

Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá Akọ̀wé Ètò. Akọ̀wé Ètò ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ Kọmíṣọ́nà. Ó ti ṣí i sílẹ̀, ó ti tẹ ọrùn, ó ń fa èémí.

Ẹnì kan láti ọ́fíìsì mìíràn ni wọ́n fi jẹ Olórí Pátápátá. Gbọnrangandan ti dá ewé irin ọkọ̀ afàkọ̀ padà, ògiri rẹ̀ ṣì funfun, kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ra sípíríǹgì mìíràn ti ń wá gba ọkọ̀ wọn nínú ọgbà. Ẹni tó ń ṣí géètì ọgbà náà fún wọn láràárọ̀ ni Ọ̀gá wa. Wọ́n fún un ní àga kan níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan ilẹ̀. Ọkọ̀ dúdú náà wà ní ìlà ẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni kò tíì wá béèrè rẹ̀.